Ẹyin inú ọ̀rá: bí a ṣe ń sin ẹja ọ̀gọ̀dọ̀ Zanzibar

Ẹni tó bá ra ẹja yìí kì í sábà rí ẹja gbà. Ọ̀rá kékeré kan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i. Èèpo àgbọn lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pupa rúsúrúsú, ó tutù díẹ̀ lọ́wọ́, kò sí omi, kò sí ohun tó ń mira. Nígbà tí tèmi dé, mo rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo da díẹ̀ sórí ìwé funfun, mo gbé díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, mo wá a títí ọrùn fi ń dùn mí. Nígbà tó yá ni mo rí ẹyin kan, róbótó, bíi mìlímítà 1, ojú méjì tí òrùka wúrà yí ká sì ń wò mí láti inú rẹ̀. Ẹja ti wà níbẹ̀ tán. Omi ló ń retí.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Nothobranchius guentheri. Erékùṣù Unguja ní Zanzibar, lórílẹ̀-èdè Tàǹsáníà, ni ilé rẹ̀. Georg Pfeffer ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀, ní ọdún 1893. Ó wà lára àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní killifish. Kí orúkọ náà má dẹ́rù bà yín o, kì í pa ẹnikẹ́ni. Èdè àwọn ará Holland ni kil ti wá, odò tóóró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Akọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìrù rẹ̀ pupa fòò, ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Abo dà bí eérú, ẹ ò ní fi í yangàn fún àlejò.

Kí ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹyin ni à ń sìn, ẹja kàn ń bá wa yé e ni. Táńkì díńgí rọrùn. Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù, láàárín ọjọ́ tí wọ́n kó ẹyin kúrò lómi sí ọjọ́ tí wọ́n dá a padà sómi. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àsìkò òjò ń dé ní Zanzibar lọ́dún, bó ṣe ń dé nílẹ̀ Yorùbá náà. Masika ni wọ́n ń pe ńlá, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Vuli ni wọ́n ń pe kékeré, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ọ̀gọ̀dọ̀ inú pápá á kún, ẹyin inú ẹrẹ̀ á pa láàárín wákàtí mélòó kan. Ọmọ ẹja ò ní àsìkò tó máa fi ṣeré. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti ń yé ẹyin tirẹ̀. Akọ á darí abo lọ sí ìsàlẹ̀, á fi lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bò ó, ara àwọn méjèèjì á gbọ̀n, ẹyin kan á wọnú ẹrẹ̀. Wọ́n á tún ṣe é, wọ́n á tún ṣe é, lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, gbogbo àgbà ẹja á kú pátá, ilẹ̀ á sán. Ẹyin nìkan ló kù.

Ìbátan rẹ̀ kan, Nothobranchius furzeri, tí wọ́n kọ́kọ́ kó ní igbó Gonarezhou ní Sìmbábúè ní ọdún 1968, tilẹ̀ yára jù ú lọ. Nínú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ Mòsáḿbíìkì, wọ́n ti rí èyí tó dàgbà tó ń yé ẹyin ní ọjọ́ 14 péré lẹ́yìn tó jáde. Bó ṣe ń yára dàgbà ló ṣe ń yára darúgbó, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ nípa ọjọ́ ogbó ní Jena àti Cologne ní Jámánì fi ń sìn ín lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó mọ ọwọ́ rẹ̀, ó ti kú. Guentheri lè lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín, á sì máa yé ẹyin fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú rẹ̀.

Ẹyin yìí ní ibi mẹ́ta tó ti lè dá dúró. Àkọ́kọ́ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí ohun tó máa di ara ṣì fọ́n káàkiri, tí kò tíì kóra jọ. Ìkejì jẹ́ nígbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọkàn ti wà ṣùgbọ́n tí ara ò tíì pé. Ìkẹta jẹ́ nígbà tí ohun gbogbo ti parí, tó kù kí ó jáde. Ẹyin tí a kó lọ́jọ́ kan náà kì í dúró síbi kan náà. Òmíràn á fo ibi kejì kọjá, òmíràn á sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó máa yé àgbẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ti tàn jẹ rí: ẹni tó bá gbin gbogbo irúgbìn ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, tí ọ̀dá bá tẹ̀lé e, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹja yìí kì í gbára lé òjò kan. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí ìdajì ẹyin yín bá kọ̀ tí kò pa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibùgbé àgbà ẹja

Táńkì lítà 40 tó fún akọ 1 àti abo 2 tàbí 3. Ẹ má fi abo kan ṣoṣo sọ́dọ̀ akọ, á lé e títí á fi rù. Ẹ wá ìdérí tó dé e dáadáa, nítorí ẹja yìí máa ń fò. Mo ti he ọ̀kan nílẹ̀ lẹ́yìn àga rí, ó ti gbẹ bí ẹja yíyan. Asẹ́ onífóòmù tí pọ́ǹpù atẹ́gùn kékeré ń fẹ́ ti tó, omi tó ń sáré bí odò kò bá a lára mu.

Ìgbóná omi tó dára ni 22 sí 26°C. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, oòrùn oṣù kẹta ni kí ẹ sá fún, ẹ gbé táńkì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti lè bà á. Ẹni tó wà ní London tàbí Chicago ló nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Omi kànga ẹ̀rọ dára, ẹ kàn jẹ́ kó dúró nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan. Omi ìjọba tí wọ́n fi chlorine sí náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà àti Brítéènì, chloramine ni wọ́n ń fi sí omi, ìyẹn kì í fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń tà fún omi ẹja ni kí ẹ fi pa á.

Ẹ fi iyọ̀ sí i: ṣíbí tíì 1 sí omi lítà 5. Àrùn kan wà tó ń bo ara ẹja yìí bí ìyẹ̀fun wúrà, tó ń mú kó máa fi ara ha nǹkan, tó sì lè pa gbogbo ilé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Iyọ̀ díẹ̀ yìí máa ń dí i lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da ìdámẹ́ta omi nù, kí ẹ fi omi oníyọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Oúnjẹ tó ń mira ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ bá fún wọn ní oúnjẹ gbígbẹ, ọ̀pọ̀ wọn á máa wò ó títí á fi rì. Tanwíjí ni wọ́n fẹ́ràn jù, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òjò àti ewé gbígbẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń jó nínú omi. Ẹ máa fi asẹ́ kó wọn lójoojúmọ́, kí ẹ sì da gbogbo omi náà nù kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ará àdúgbò má baà wá bi yín pé ta ló ń sin ẹ̀fọn. Ekòló tí a gé wẹ́wẹ́ náà dára.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí wọ́n máa yé ẹyin sí

Nínú omi wọn, ẹrẹ̀ ni. Nínú táńkì, èèpo àgbọn lílọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ẹrẹ̀, kókópíìtì tí àwọn tó ń hù irúgbìn tòmátì àti ata ń rà. Ẹ wádìí pé wọn ò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi dúdú rẹ̀ nù, ẹ tún un sè, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ díẹ̀, tí èèpo náà á sì máa rì dípò kó máa léfòó.

Ẹ kó o sínú abọ́ ike tí wọ́n fi ń ta áásìkiriìmù, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ gé ihò sí ìdérí rẹ̀ tí ẹja lè gbà wọlé, ìdérí yìí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n tú u ká gbogbo táńkì. Ẹ fi òkúta kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Akọ á rí i kó tó pé wákàtí kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkó àti gbígbẹ

Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ gbé abọ́ náà jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ wẹ́, kí omi ro. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ fún un. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹyin á fọ́: ẹyin tó dára le, bí ẹ bá fi ìka méjì yí i, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó bá fọ́, kò ní di ẹja tẹ́lẹ̀.

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ tú u sórí rẹ̀, kí ẹ fi sí abẹ́ ilé níbi tí atẹ́gùn ń gbà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò dé. Ìwé ìròyìn á fa omi mu. Nígbà ọ̀rinrin, mo máa ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà ọyẹ́, wákàtí mẹ́ta ti pọ̀, mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń sọ ni pé kó dà bí tábà ìkòkò. Tábà ìkòkò mélòó ló kù nílé wa? Ẹ ronú gbágùúdá tí wọ́n ti rin, tí wọ́n ti fi òkúta tẹ̀, tí omi rẹ̀ ti tán, tó kù kí wọ́n sẹ́ ẹ kí wọ́n tó yan án ní gààrí. Bí ẹ bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ fún un, omi ò ní kán; ó máa dì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ, á tú. Ibi tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Ọ̀rá àkọ́kọ́ tí mo kó, mo jẹ́ kó tutù jù, nítorí àánú ẹyin ń ṣe mí. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òórùn ewé jíjẹrà ló kọ́kọ́ kí mi, ẹyin tí mo sì rí ti funfun, ó hu irun bí òwú. Mo wá bínú gbẹ ìkejì jù, gbogbo ẹyin rẹ̀ ní kòtò lára bí ọsàn tó ti pẹ́ lórí igbá. Ìkẹta ló yè. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa ṣe nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ sí i. Èyí tó gbẹ, a lè fi omi díẹ̀ wọ́n ọn, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹrà, kò sí àtúnṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dídúró

Ẹ kó o sínú ọ̀rá tí ẹnu rẹ̀ ń há mọ́ra, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún ìdajì rẹ̀. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí i lára: orúkọ ẹja, ibi tí ìran rẹ̀ ti wá, ọjọ́ tí ẹ kó o. Ẹ má da ẹja láti ọ̀gọ̀dọ̀ ibì kan pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, kódà bí wọ́n bá jọra bí ìbejì. Àwọn tó ń sìn ín kárí ayé ń bójú tó ìran kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí pé ọ̀gọ̀dọ̀ òmíràn ti di ilé tàbí oko, ẹja rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú táńkì àwọn èèyàn.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ni mo ń tọ́jú tèmi sí, láàárín aṣọ. Ìwọ̀n ìgbóná 24 sí 26°C ló dára. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin á yára. Bó bá tutù, á pẹ́. Guentheri sábà máa ń lo bí oṣù mẹ́ta. NẸ́PÀ ò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹ lè rìnrìn àjò, ẹ lè gbàgbé rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí ọ̀rá kí atẹ́gùn tuntun wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo ẹyin bíi mẹ́wàá. Èyí tó mọ́ gaara bí omi oyin ṣì ń sùn. Èyí tó ní ìlà dúdú yí ara rẹ̀ ká ti bọ́ sójú ọ̀nà. Èyí tó ní ojú méjì tí òrùka wúrà yí ká ti ṣetán. Èyí tó funfun, ẹ yọ ọ́ kó má baà kó bá àwọn yòókù. Nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ti lójú, àsìkò òjò ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òjò

Ẹ lo òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé. Ẹ fi omi òjò tàbí omi táńkì sínú fíríìjì títí á fi tó 18 sí 20°C. Ẹ tú èèpo àgbọn náà sínú abọ́ fífẹ̀ tí kò jìn, kí ẹ da omi tútù yìí lé e, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fi ọwọ́ rò ó kó lè mu omi.

Ìdí tí dída omi lé e fi ń jí ẹyin rèé: nígbà tí òjò bá kún ọ̀gọ̀dọ̀, ewé àti koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú rẹ̀, ọ́síjìn á dín kù nídìí ẹrẹ̀. Ẹyin tó ti ṣetán á mọ̀ pé ẹ̀mí ò tó òun mọ́ níbi tí òun wà, á sì jáde. Nítorí náà, bí wákàtí mẹ́fà bá kọjá tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ wọ́n oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná sí i, tìńtín, tàbí kí ẹ fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ èémí ẹnu yín sínú omi náà. Ó máa ń dà bí oògùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ́síjìn lásán ni.

Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ló ń mira. Ọmọ ẹja tóbi tó bí orí abẹ́rẹ́ tó ní ìrù. Ẹ gbé iná kékeré sí igun kan abọ́ náà, wọ́n á kóra jọ síbẹ̀, ẹ fi ṣíbí bù wọ́n sínú abọ́ mìíràn tí omi rẹ̀ gbóná bákan náà. Ẹ má fi àwọ̀n gbé wọn.

Àwọn kan á wà tí wọn ò lè gbéra nílẹ̀, wọ́n á máa fi àyà wọ́ kiri torí pé àpò afẹ́fẹ́ inú wọn kò kún. Ẹyin tí a tètè jí jù tàbí tó pẹ́ jù ló sábà ń mú un wá. Wọn kì í yè. Bó bá jẹ́ èyí tó pọ̀ jù ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ yí àsìkò padà fún ọ̀rá tó tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọmọ tuntun

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ti máa jẹun. Artemia ni oúnjẹ wọn, ẹ̀yà edé tíntìntín inú omi iyọ̀, ẹ wá ẹyin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, agolo kan sì máa pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 mọ́ omi lítà 1, ẹ da ẹyin Artemia díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn wákàtí 24 sí 36, á ti pa. Ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi ṣan iyọ̀ kúrò, kí ẹ fún ọmọ ẹja lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí ikùn wọn bá ti pọ́n bí ọsàn, wọ́n ti yó. Èyí tí wọn ò jẹ á kú, á ba omi jẹ́, ẹ fà á jáde lójoojúmọ́.

Ẹ ya àwọn tó tóbi kúrò lára àwọn kékeré ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí ẹ̀gbọ́n máa ń jẹ àbúrò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára akọ.

Ohun tó kù

Ẹ má da ẹja yìí tàbí ẹyin rẹ̀ sínú odò tàbí ọ̀gọ̀dọ̀ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mú ẹyin wọ Nàìjíríà, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn wò ní ibodè. A sì ní tiwa: Fundulopanchax filamentosus wà nínú omi ẹsẹ̀ igbó ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní Benin àti ní Tógò, ẹyin rẹ̀ náà lè fara da gbígbẹ. Ọ̀nà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé bí oṣù méjì ti tó fún un, kò sì nílò kó gbẹ tó ti Zanzibar.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ọmọ ẹja tán nínú abọ́, ẹ má da èèpo àgbọn rẹ̀ nù o. Ẹ tún un fún, ẹ tún un tẹ́ sórí ìwé ìròyìn, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ọjọ́ tuntun sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ da omi tútù lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rá kan tí mo rò pé ó ti parí, tí mo ti rin lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un rin lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù méje, ọmọ mọ́kànlá ló jáde. Akọ tó wà nínú táńkì mi báyìí, tó ń lé abo kiri bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀kan nínú wọn ni.